Àwọn Orin Tó Bẹ̀rẹ̀ Pẹ̀lú "Sa"

Pàṣán wòlíì tún balẹ̀ lẹ́yìn Dárasími, ẹ̀jẹ̀ sì rin sùtánà funfun ọmọ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Castle Green nílùú òyìnbó.

"Ta lò ń kọrin fún?"

"Orin Japan ni, Bàbá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń díje. Ẹni tó bá mọ orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'Sa' jù ló jẹ."

"Sátánì ló ń pè," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ nà án sí i."

Wòlíì nà án títí ó fi ṣubú. Nílẹ̀ níbẹ̀, Dárasími tún gbé orin kan. Ohùn kejì gbè é láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọ wòlíì fúnra rẹ̀ ni. Ó wá kúnlẹ̀ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí baba rẹ̀.

Ọwọ́ wòlíì gan lókè.

"Ó kan ọmọ tiyín, Bàbá," ni ìyá Dárasími wí.