Ọwọ́ Ọ̀tún Olúkúnlé

Ó di ọdún kọkànlá tí Olúkúnlé ti fi Dinah ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlá, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ Tinúadé, obìnrin mìíràn, ní Iresi, kí ẹ̀gbà tó mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ní Iresi. Wọ́n gbé e sínú lọ́rì, wọ́n dá a padà fún Dinah bí ìgbà tí èèyàn dá ìkòkò tó yá padà.

Dinah bá a gbé ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì kọ́ Dinah bí ẹni tí ẹ̀gbà mú ṣe gbọ́dọ̀ máa sùn àti bí ará ilé ṣe gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. Dinah kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ti bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri, kí apá ọ̀tún má baà rí atẹ́gùn. Ó ká ọwọ́ tó kú náà lé ọkọ rẹ̀ láyà, ó pa àwọn ìka rẹ̀ dé, ó sì fi ìborùn rẹ̀ dè é jẹ́jẹ́. Ó dá a dùbúlẹ̀, ó ju kíjìpá tó wúwo lé e lẹ́sẹ̀. Lọ́wọ́ òsì ni òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí, láti àárọ̀ di alẹ́.

Olúkúnlé kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì jẹun. Dinah ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ọdún mọ́kànlá ni Dinah ti ń dá nìkan jẹun.

Alfred, àgbà ìjọ, wá kí wọn.

"Olúkúnlé, o mà ti di ọmọ ọwọ́! Ìyàwó tí o já sílẹ̀ náà ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ."

"Jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí gbé mi ná," ni Olúkúnlé fi ẹnu wíwọ́ sọ. "Iresi ni tààrà. Iṣu mi wà nílẹ̀."

"Iṣu, àbí Tinúadé?"

Ẹ̀rín pa Olúkúnlé. Dinah nu itọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ó lọ," ni ó wí. "Ẹ kọ́kọ́ sinmi ná."

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ọwọ́ náà ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ẹsẹ̀ na ṣóńṣó, kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ mi orí: ohun tí èèyàn lè ṣe, Dinah ti ṣe é.

Lọ́jọ́ kan, Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọbìnrin kan láti Ọ̀rà, sunkún wọlé.

"Màmá, ẹ gbà mí o. Ẹ̀gbà mú bàbá mi níjẹta. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú tó yín."

Dinah mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara wọn.

"Má dè wọ́n lọ́wọ́ rárá," ni ó wí fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "na apá náà, la àwọn ìka wọn sílẹ̀, máa yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, má gbé ohun tó wúwo lé wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀yin ará ilé sì máa jókòó sí apá tó kú, kí bàbá lè máa yíjú sí i, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi nìyẹn, ó ní ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kì í pẹ́ tó fi ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé."