Ẹrù Tí Wọn Ó Dà Sókun

Ọkà bálì tó kù nínú ìkòkò kò lè bọ́ gbogbo ẹnu inú ilé dé ìgbà ìkórè. Filto mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà mọ̀. Àwọn ọmọ ogun Átẹ́nì ti yí ìlú wọn ká ní erékùṣù Keosi, bẹ́ẹ̀ Átẹ́nì gan-an ni wọ́n ti fẹ́ Filto wá.

Damotele ọkọ rẹ̀ ti ìpàdé ìlú dé. Kò jókòó.

"Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan lọ pinnu ẹni tí kò ní jẹ nínú oúnjẹ tó kù, Ìyá. N kò lè dá a pinnu."

"Ọkùnrin gidi! Nínú eré orí ìtàgé tí ìyàwó rẹ máa ń ròyìn, tí ọ̀rọ̀ bá ká ọba mọ́, kí ló máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀?"

"Ohun tí ọ̀rọ̀ náà jọ."

"Kí ni ìlú wa jọ?"

"Ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ń bì lù."

"Atukọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹkún ló ń sun bíi tìrẹ?"

"Ó máa ń da ẹrù sókun."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O ti pinnu nìyẹn."

Filto ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi eré yẹn dá wọn lára yá lọ́dún tó wọlé ọkọ. Ẹnubodè ìlú wà ní títì. Ẹni tí wọ́n bá tì síta, ọ̀kọ̀ ni yóò pàdé.

Ó gbé ọmọ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ilé kì í ṣe ọkọ̀. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ni. Ẹ má gé ẹ̀ka tó ń so."

"Inú òkun la wà, o ń wá ọ̀pọ̀tọ́! Ọmọ Átẹ́nì, wá bá mi di irun. Mi ò ní lọ sáàárín èrò bí ẹni tí ajá ń lé."

Filto pọn ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun funfun náà. Damotele kò gbójú sókè.

"Ọmọ mi ńkọ́, Ìyá?"

"Ọmọ á jẹun. Kí là ń sọ látàárọ̀? Fà á le dáadáa, jàre."

Wọ́n jáde. Damotele ṣíwájú, Ìyá di Filto lọ́wọ́ mú gírígírí, kò jẹ́ kó yà síbì kankan.

Nígbà tí wọ́n dé gbàgede, kò sẹ́ni tó wo Filto: àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló tò síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lórí, gẹ́gẹ́ bí àṣà Keosi nígbà ìyàn, Ìyá sì bọ́ sórí ìlà, ó gba ago májèlé, ó ní, "Ọmọ Átẹ́nì, gbé ọmọ yẹn kúrò nínú oòrùn," ó sì mu ún tán.