Pílásítà Ọrùn Fayolíìnì

Ó pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ fayolíìnì ìjọ wa, síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí ló ń dún lọ́wọ́ mi. Tíṣà Mákindé tó ń kọ́ mi lẹ pílásítà mẹ́ta mọ́ ọrùn fayolíìnì náà kí n lè mọ ibi tí ìka ń tẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n ta la máa bó wọn kúrò." Ta ló ń tàn? Mo mọ̀ pé wọ́n máa sin mí kí pílásítà yẹn tó kúrò.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, èmi àti Tíṣà nìkan ló kù lókè ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín máa mì lórí okùn, kí ohùn lè gbọ̀n," ló ń wí. Ọwọ́ mi le bí igi. Ni iná bá lọ. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Mo ń ta á lọ nínú òkùnkùn. Ẹnì kan di ọrùn ọwọ́ òsì mi mú láti ẹ̀yìn, ó ń mì ín jẹ́jẹ́. Mo rò pé Tíṣà ló padà dé, àmọ́ n kò gbọ́ bàtà, ọwọ́ náà sì tutù. Ohùn gbọ̀n, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

"Mọ́mì!" Tíṣà kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n ta!"

Lábẹ́ ìka mi, èékánná kan tí kì í ṣe tèmi ti ń bó pílásítà àkọ́kọ́ kúrò.