Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ọ̀fẹ́ fún Ẹni Tó Bá Dìbò

Chiara ará àdúgbò ti na àtàǹpàkò sókè kó tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù Yísà tán.

"Yísà, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni mo máa dì o! Èmi àti gbogbo ará ilé mi."

Inú Yísà dùn. Òun ti di ọmọ ìlú Italy lọ́dún tó kọjá. Fọ́tò ọjọ́ tó búra ní comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wà lókè àpò ẹ̀wà. Muaz àbúrò rẹ̀, tó ń kó ẹrù ní Piacenza, ló kù. Ọdún kẹfà rẹ̀ ní Italy rèé, òfin sì ní ó dìgbà tó bá pé mẹ́wàá. Bí referendum yìí, ìbò lórí òfin náà, bá yọrí, márùn-ún á tó, Muaz á lè kọ̀wé béèrè. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìdajì àwọn olùdìbò ní láti jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, asán ni.

Yísà lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù: ẹni tó bá fi òǹtẹ̀ ìdìbò hàn lára tessera, ìwé olùdìbò rẹ̀, yóò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Àdúgbò rẹ́rìn-ín, àdúgbò ṣèlérí. Signor Renzo, bàbá tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, nìkan ló fajú ro.

"'Bẹ́ẹ̀ kọ́' ni màá dì ní tèmi. Ẹ ti pọ̀ jù ní Torino yìí."

"Ẹ ṣáà lọ, bàbá."

Lọ́jọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, Yísà ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, á dá a dúró: "Ṣé o ti lọ?" Orí ìdúró ló ti jẹun ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n parí ìdìbò ní aago mẹ́ta ọjọ́ Ajé ló tó fìdí kan àga.

Àwọn tó jáde ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó ń dì mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá. Chiara ní etí òkun lòun wà, oòrùn ọ̀hún dára jù. Ẹnì kan ní ajá òun ló ń ṣàìsàn.

Signor Renzo nìkan ló na tessera síwájú, òǹtẹ̀ tuntun sì wà lára rẹ̀.

"Mo dì 'Bẹ́ẹ̀ kọ́.' Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi dà?"

Yísà kó méjì fún un. Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Báwo lẹ ṣe ń dín in?"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Muaz ti Piacenza dé. Kò tíì jókòó tí Yísà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Renzo tí kò fẹ́ràn wa lọ, àwọn ọ̀rẹ́ wa ò lè rìn dé ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò lẹ́yìn ilé! Wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin kún tìẹ."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ n rí bí òǹtẹ̀ náà ṣe rí, kí n ti mọ̀ ọ́n de ọjọ́ tèmi."

Yísà na tessera tirẹ̀ sí i, ó ṣì ń bú Chiara. Muaz ṣí i, ó wo ojú ewé tó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, ó rọra dá a padà sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì jáde.