Ọ̀pá Tó Kan Yanrìn

Ní pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn àdúgbò Titirou, ó ku ihò mẹ́ta kí ìdíje àwọn obìnrin parí, Jẹ̀mílà sì ń fi ìgbá kan ṣáájú Adépéjú. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí ìgbá rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, bá kéré jù ló ń borí. Ẹni tó bá borí lọ́jọ́ náà ni yóò lọ ṣojú orílẹ̀-èdè wọn ní Mòrókò.

Sàlmànù, ọkọ Jẹ̀mílà, ló gbé àpò ọ̀pá rẹ̀. Inú ọkùnrin náà ń dùn. Lóṣù tó kọjá, Jẹ̀mílà ò lè gbé apá ọ̀tún kọjá àyà. Díẹ̀ ló kù kó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Ní báyìí, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mélòó kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fò bíi ti ọmọ ogún ọdún.

Jẹ̀mílà yà síbi tábìlì omi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Nígbà tó padà, kò mu omi tó gbà. Ó ń bojú wẹ̀yìn. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún un nù.

"Kí ló dé?" Sàlmànù bi í.

"Oòrùn ni."

"Ṣe é bí o ti ń ṣe é bọ̀. Gbogbo Zongo àdúgbò wa ò ní sùn lálẹ́ òní."

Jẹ̀mílà fa ọ̀pá kan yọ nínú àpò, ó kọjá lọ síbi bọ́ọ̀lù.

Ní ihò ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù Adépéjú ti wọlé. Ti Jẹ̀mílà bọ́ sínú kòtò yanrìn. Ó wọ inú rẹ̀ lọ, ó dúró pẹ́ kó tó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fò jáde, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ó ku kó kàn tì í wọlé, kó sì fi ẹyọ kan borí. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó nawọ́ pe Sàrúmì, rẹfirí.

"Mùsé Sàrúmì, ọ̀pá mi kan yanrìn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kí n tó gbá a."

Òfin ò gba bẹ́ẹ̀. Ìgbá méjì ni wọ́n ń fi kún ti ẹni tó bá ṣe é.

Sàrúmì wo yanrìn títí. "Èmi ò rí i, Màdáàmù."

"Èmi náà ò rí i," Sàlmànù wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Jẹ̀mílà, rò ó dáadáa."

Adépéjú sún mọ́ wọn. "Àǹtí, ẹ̀yin ni mo ń wò. Ọ̀pá yín ò kan nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Ọwọ́ mi ló mọ̀," Jẹ̀mílà sọ, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Ẹ fi kún un."

Wọ́n fi méjì kún un. Adépéjú fi ẹyọ kan borí. Ó dì mọ́ Jẹ̀mílà, ó ń sunkún. Alága ìdíje gba makirofóònù, ó ní òun ò tíì rí olóòótọ́ bẹ́ẹ̀ rí lórí pápá. Sàlmànù jókòó sórí koríko, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀.

Dókítà kan tó mú ìgò kékeré lọ́wọ́ jáde látinú àgọ́, ó ní kí Adépéjú máa bá òun lọ, nítorí ìtọ̀ ẹni tó bá borí nìkan ni àwọn máa yẹ̀ wò bóyá oògùn tí òfin kà léèwọ̀ wà nínú rẹ̀. Jẹ̀mílà sì mí kanlẹ̀.