Dúrọ́ọ̀mù Búlúù Àkíbù

"Ta ló gbé dúrọ́ọ̀mù búlúù tó wà lẹ́yìnkùlé?"

Àkíbù ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ káàkiri ilé.

Agbaṣẹ́ṣe ni, kànga epo rọ̀bì ló ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ fọ̀ ní Wárì, ibẹ̀ ló sì ti gbé dúrọ́ọ̀mù náà wálé.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: ohun èlò iṣẹ́ yìí, títí kan dúrọ́ọ̀mù òfìfo, kò gbọdọ̀ wọ ilé tí èèyàn ń gbé. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á fagi lé àdéhùn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ òní ni aṣojú wọn ń bọ̀ wá yẹ ilé wò.

Jamilah, ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí dúrọ́ọ̀mù òfìfo lẹ ṣe ń gbọ̀n bí ẹni òjò pa? Ẹ lọ ra òmíràn ní Gbági, jàre!"

Àkíbù ti bọ́ síta.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta dúrọ́ọ̀mù àlòkù ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, bóyá ẹnì kan ti tà á fún wọn. Kò sí níbẹ̀. Ó wá a kiri Ọjà'ba títí òógùn fi bò ó.

Bó ṣe ń padà bọ̀, wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó mú ife omi dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Àkíbù, ọkọ mi, wá wò ó! Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo pọnmi kún un. Sàárà ni mo fi ṣe fún ẹ, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ti adójútòfò yẹn yọrí sí rere."

Dúrọ́ọ̀mù náà rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèyàn tò sídìí rẹ̀, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, wọ́n ń fi omi rẹ̀ yọ ẹnu.

Àkíbù figbe ta. "Ẹ tu ú dànù! Májèlé tí a fi ń pa kòkòrò inú kànga epo ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀!"

Gbogbo wọn tutọ́.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò tutọ́. Ó ń wo inú ife ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí omi kankan níbẹ̀ mọ́.