Ohun Tí Ọ̀gá Lẹ́tà Kọ sí Ìsàlẹ̀ Ìwé

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ má dúró lágbedeméjì. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀.

1.
"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, lẹ́tà mi kan ò ṣìnà rí. Bí mo bá sùn pàápàá, ọwọ́ mi mọ ibi tí òǹtẹ̀ wà."

Ọ̀gá Lẹ́tà ló ń fọ́nnu báyìí ní ọ́fíìsì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ jókòó lórí ìdásílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan, òun ló ń kọ̀wé sí ẹni tí ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe léṣe, kí onítọ̀hún lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Òun náà ló ń kọ̀wé sí ẹbí ẹlẹ́wọ̀n.

Akọ̀wé rẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Nítorí kí ni? Ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà ni? Lẹ́tà kan, ẹ̀dà méjì. Ìwọ ṣáà fẹ́ fi ìwé ṣòfò."

Ó tẹ ẹyọ kan. Ní ìsàlẹ̀, ó to àwọn tí ẹ̀dà ń lọ bá: ìyá ẹlẹ́wọ̀n, àti Ìyá Télọ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n náà ṣe léṣe. Ó kọ àdírẹ́sì àwọn méjèèjì síbẹ̀, títí kan àwọ̀ géètì. Ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ó mu tíì.

2.
Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ẹlẹ́wọ̀n náà fi ọ̀bẹ gún Ìyá Télọ̀ lọ́wọ́ nítorí pé ó kọ̀ láti fẹ́ ẹ. Ìka méjì ò ká mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú un lọ sẹ́wọ̀n, ó ní, "Ibi tó o bá sá sí, màá rí ẹ." Ìyá Télọ̀ kó kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé pátákó iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ọ́fíìsì ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ló fún ní àdírẹ́sì tuntun, torí wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fẹ́nì kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá arúgbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti lẹ́tà lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n yẹn. Mo ka lẹ́tà yìí fún un lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Ó ní kí n tún ìsàlẹ̀ kà. Ó ní kí n kí yín, pé òun ti mọ ibi tẹ́ ẹ wà."

Sísọ́ọ̀sì dúró lórí aṣọ.

"Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?"

"Rárá, ìyá. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jókòó. Ẹ fún mi ní lẹ́tà yẹn."

3.
Ẹ̀gbọ́n Ìyá Télọ̀ ní, "Kó ẹrù ẹ lónìí."

"Mo ti kó o lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ oníbàárà mẹ́tàlá ló wà nílẹ̀ yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kó kó ẹrù."

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, ó dé tòun ti téèpù lọ́rùn. Ọ̀gá Lẹ́tà ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ìyá wa, ṣé ẹ rí lẹ́tà mi gbà?"

"Mo rí i gbà. Méjì ni mo rí."

Ó tẹ́ méjèèjì síwájú ìgbìmọ̀, ó ka ìsàlẹ̀ sókè. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí wọn.

"Ẹni tó gún ọwọ́ yìí ń ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó júwe ilé mi fún un ń mu tíì. Mi ò sá mọ́. Àná ni mo kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà mi, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọkùnrin yẹn."

Wọ́n bi ìyá arúgbó náà, tí òun náà wá, léèrè. Ó tún iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán an jẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Wọn ò dá ọmọ náà sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ṣáà ni..." Ọ̀gá Lẹ́tà ò rí ẹni gbọ́ ìyókù.

4.
Akọ̀wé ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: mọ́kànlélógójì. Alága ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kọ̀wé sí gbogbo àwọn tí àdírẹ́sì wọn ti tú síta.

"Ẹ má tún kọ nǹkan kan," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Kí Ọ̀gá Lẹ́tà fẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn."

Ó ń rìn. Kò mú òǹtẹ̀ dání. Ó ń kanlẹ̀kùn, ó ń sọ pé, "Èmi ni mo kọ àdírẹ́sì yín fún ẹni tó ṣe yín léṣe." Àwọn kan tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bàbá kan ní etí òun ò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ. Ó tún un sọ, àwọn ará ilé kejì náà gbọ́. Ilé kẹtàdínlógún nìyẹn. Ó ku mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀yin tí ibi ìsápamọ́ ẹlòmíì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó lu òǹtẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe ẹ̀dà: ẹ lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ tẹnu yín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ síwájú, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.